Igi Ìdí Ìbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?" Irin ni gbogbo ayé ń wò bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn. Bí òpìtàn bá ń ròyìn Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ogun tí ìró ìbọn fún ní orúkọ, irin àti ẹ̀tù ni yóò máa kà fún wa. Igi tí ọwọ́ jagunjagun dì mú kò sí nínú ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ara igi náà ni ẹni tí ó ni ìbọn kọ ìtàn tirẹ̀ sí.

Òkè òkun ni ìbọn ṣakabùlà ti kọ́kọ́ wá. Orúkọ àwọn ará Denmark ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é, ṣùgbọ́n Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Belgium ni wọ́n ti rọ púpọ̀ nínú èyí tí ó gúnlẹ̀ sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Igi walnut ni wọ́n ń lò fún ìbọn ọmọ ogun tiwọn. Igi beech tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń fi sí èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ wá tà fún wa, wọn a sì máa fi ọ̀dà pupa kun òmíràn, bí ẹni ń kun ohun ìṣeré ọmọdé. Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels pé kí a má ṣe máa kó ìbọn ìgbàlódé wá tà ní apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà. Ìbọn àtijọ́ tí òkúta ń ṣáná fún ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ọmọ ogun òyìnbó ti pa tì tipẹ́ ni ọdẹ wa ń tún ṣe láti ìran dé ìran.

Irin a máa pẹ́. Òjò, ikán àti òógùn a máa jẹ igi. Bí igi òyìnbó bá bàjẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú a gbẹ́ òmíràn. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ta ni ó ni ín, òyìnbó àbí àwa?

Igi kan bẹ́ẹ̀ wà nílé mi, ti bàbá tí ó bí bàbá mi. Irin rẹ̀ ti sọnù. Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín ha á, kí ó lè máa dán."

Iṣẹ́ náà kò le, sùúrù ni ó ń fẹ́. A ó fi àfọ́kù ìgò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. A ó fi ewé ìpín, èyí tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ère, ra á. A ó fi aṣọ tútù nù ún kí irun igi lè dìde, kí ó gbẹ ní ibòji, kí a tún un ra. Ibi òróró ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Epo pupa àti àdín kì í gbẹ lára igi. Eruku ni wọ́n ń kó jọ. Òróró linseed ti àwọn òyìnbó yàtọ̀: bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, a máa le bí oje igi. Ìwọ̀nba ni kí a fi àtẹ́lẹwọ́ pa, kí a nu èyí tí ó ṣẹ́kù, kí a dúró di ọjọ́ kejì kí a tó tún un pa. Àkísà rẹ̀, kí á tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbangba. Bí a bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń yí igi náà wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti mú dán, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá náà! Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí nínú ẹbí wa. Èmi náà, ọwọ́ òsì ni mo bí mọ́ra, wọ́n sì nà mí nílé, wọ́n nà mí nílé ẹ̀kọ́, títí mo fi kọ́ láti máa fi ọ̀tún kọ̀wé. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ nínú ìran wa.

A ha iwájú igi náà, níbi tí ikán ti fẹnu bà á, a sì pa á ní òróró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ní kí a má fọwọ́ kàn. Inú àbúrò mi kò dùn sí i; ó ní igi náà dà bí orí tí a fá ku ìlàjì.