Olúmirìn: Ìtàn Inú Orúkọ Omi Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti wo omi Olúmirìn tí ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta.

Ìpele méje ni omi náà ní. Ìrìn díẹ̀ láàárín igbó ni yóò gbé ènìyàn dé ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ń dúró sí. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá gbà ni ó ń gun àpáta lọ sókè, níbi tí ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti pààlà pẹ̀lú Ẹ̀rìn. A dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, a dá ti Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Akínlà, obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ni ó rí omi yìí nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní "Olúwa mìíràn" nìyí. Èyí ni ó di Olúmirìn, wọ́n sì ń bọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní òun kà á nínú ìwé pé ọdún 1140 ni Akínlà rí i. Mo bi í pé, "Ta ni ó ka ọdún náà?" Ó dákẹ́. Orúkọ ọba, ogun àti ìyàn ni àwọn baba wa fi ń ṣírò ìgbà. Ọdún tí a lẹ̀ mọ́ ìtàn lẹ́yìn kò sọ ọ́ di òtítọ́.

Ẹ̀rí tí ó wà nínú orúkọ náà tó wa. Ẹni tí ó bá wí pé "mìíràn" ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Bí ìtumọ̀ yìí bá tọ̀nà, àlejò ni àwọn tí ó sọ omi náà lórúkọ, wọ́n sì gbé òrìṣà tiwọn wá láti ilé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ni a wá ìtumọ̀ náà, ó ṣì ń fi hàn wá pé bí àlejò ni àwọn ará Ẹ̀rìn ṣe ń rántí ara wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ, ẹ fi omi náà tu ara yín lára. Lẹ́yìn náà, ẹ yà sí ìlú, kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Àpáta yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ti àgbà kò dájú.