Gídígbò Kọ́ Ló Bí Adesanya

Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń fi ìjà Israel Adesanya hàn ní Olúpọ̀nnà, kò ní ṣàì sí ẹni tí yóò sọ pé gídígbò àwọn baba wa ni ọmọ Yorùbá yìí gbé dé òkè òkun, pé òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì UFC, ìyẹn ìdíje ìjà àdàpọ̀ (MMA). Ọmọ Yorùbá ni lóòótọ́. Ìyókù ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti bẹ́líìtì kò le. Kamaru Usman, tí wọ́n bí ní Auchi, ló kọ́kọ́ gbà á, lọ́wọ́ Tyron Woodley, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2019. Bẹ́líìtì adelé ni Adesanya gbà ní oṣù Kẹrin. Ó di oṣù Kẹwàá kó tó na Robert Whittaker ní Melbourne, tí oyè fi di tirẹ̀ pátápátá.

Ti gídígbò ló ṣòroó já, torí ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin gídígbò àti ti UFC. Nínú gídígbò, bí ẹ̀yìn rẹ bá ti kanlẹ̀, ó parí. Ìlù á yí padà, wọ́n á gbé ẹni tó dá ọ sọ́rùn. Ní ọdún 1994, Dan Severn, oníjàkadì ará Amẹ́ríkà, gbé Royce Gracie ará Brazil ṣánlẹ̀ ní UFC, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Severn tóbi jù ú lọ fíìfíì. Lágbo tiwa, a ti gbé Severn lọ sílé. Ibi tí Gracie dùbúlẹ̀ sí yẹn ló ti fi ẹsẹ̀ há a lọ́rùn, tí Severn fi fọwọ́ lulẹ̀ pé ó tó. Ọ̀dọ̀ irú ìjà yẹn ni MMA ti ṣẹ̀.

Adesanya ńkọ́? Taekwondo àwọn ará Kòríà ló kọ́ ní kékeré ní Nàìjíríà. Rotorua ní New Zealand ló dàgbà sí; fíìmù àwọn ará Thailand kan, Ong-Bak, ló sún un dé ìdí kickboxing, kí olùkọ́ rẹ̀, Eugene Bareman, tó gbà á ní Auckland. Ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ ló fi ń jà. Bí wọ́n bá fẹ́ dì mọ́ ọn, ńṣe ló ń yẹ̀ wọ́n.

Bó bá jẹ́ ìjàkadì la fẹ́ gbé gẹ̀gẹ̀, Usman ló ń jà á, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ rẹ̀ láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2010. Ilé ẹ̀kọ́ girama ní Texas ni wọ́n ti kọ́ ọ.