Ta Ni Ó Ni Eré Orí Ìtàgé?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni eré orí ìtàgé. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣe kó wọn jọ ni yóò sọ bí eré náà yóò ti pẹ́ tó. Ọ̀nà méjì tí a gbà ń kó wọn jọ pàdé ní Zaria, wọ́n sì tó àyẹ̀wò.

Èkínní ni ti ẹgbẹ́ alárìnká. Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́ta ni Hubert Ògúndé ṣe eré fún. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Owó tí òǹwòran san lẹ́nu ọ̀nà ni ẹgbẹ́ fi ń jẹun. Nígbà tí ó ṣòro láti rí obìnrin tí yóò dúró pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, Ògúndé fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣe aya. Ilé àti ẹgbẹ́ di ọ̀kan. Ọkọ̀ irú ẹgbẹ́ báyìí a máa gòkè dé àwọn Sabon Gari ilẹ̀ Hausa, níbi tí àwọn Yorùbá ti fi ojú sọ́nà fún wọn. Ṣùgbọ́n olórí ni òpó ilé. Kọ́lá Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Dúró Ládípọ̀ ní 1978, Ògúndé ní 1990. Ẹgbẹ́ wọn kò rí bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970 ní Samaru, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Sabon Gari lónìí. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello, bíi Michael Etherton àti Brian Crow, kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àárín ìlú. Wọn kò mú ìwé eré lọ́wọ́. Wọ́n a wádìí ohun tí ń dun àwọn ará ibẹ̀, wọ́n a fi hùmọ̀ eré, wọ́n a ṣe é ní gbangba láìgba kọ́bọ̀, wọ́n a sì bá òǹwòran jíròrò. Ní abúlé Bomo nítòsí, àwọn ará abúlé fúnra wọn bá wọn kópa. Síbẹ̀, èyí náà ní àléébù: bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ a di ẹrù rẹ̀, a lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó aṣọ eré ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti ṣe olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ìforítì lọ́dọ̀ Ògúndé, kí a sì kọ́ láti Samaru pé ará ìlú ni ó yẹ kí ó ni eré. Olùkọ́ yóò ṣípò padà. Ìlú kì í ṣípò.