Ọkọ̀ Odò, Àwọn Ará Àríwá àti Ìpìlẹ̀ Kiev

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Òwe yìí bá ìtàn ìjọba Rus mu, nítorí pé lórí orísun rẹ̀ gan-an ni àwọn òpìtàn ti ń bá ara wọn fà á láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1749, Gerhard Friedrich Müller, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg, kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ pé àwọn ará Àríwá, láti ìhà Súwídìn, ni wọ́n dá ìjọba náà sílẹ̀. Mikhail Lomonosov, ọ̀mọ̀wé ọmọ Rọ́ṣíà, ta kò ó gidigidi; ó ní ìran Slav ni ó ni ìpìlẹ̀ ìlú rẹ̀. Wọn kò gba Müller láàyè láti ka ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì? Ẹlẹ́rìí tí a ó pè nínú àròkọ yìí kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe jagunjagun. Ọkọ̀ ojú omi ni.

Kí a tó gbọ́ ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti òkun Baltic wọlé yóò gba odò Neva dé adágún Ladoga. Láti ibẹ̀ ni yóò ti tukọ̀ gòkè odò Volkhov dé Novgorod, ìlú tí ó wà nítòsí adágún Ilmen, kí ó tó bọ́ sí odò Lovat. Níbi tí omi Lovat ti tán, ilẹ̀ gbígbẹ ni ó kù. Àwọn awakọ̀ a máa wọ́ ọkọ̀ wọn lórí ilẹ̀ títí wọn yóò fi kan àwọn omi tí ó lọ sí odò Dnieper. Dnieper gùn tó nǹkan bíi 2,200 kìlómítà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Kiev kọjá, ó sì wọ inú Òkun Dúdú. Ní òdìkejì òkun náà ni Constantinople wà, ìlú tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Ọ̀nà kejì ni odò Volga, èyí tí ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó ń ṣàn lọ sí òkun Caspian.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọkọ̀ àwọn ará Àríwá. Ní ọdún 1880 ni a wú ọ̀kan jáde nínú òkìtì sàréè ní Gokstad, ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó ní àjẹ̀ mẹ́rìndínlógún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ìgbòkun. Wọ́n to pákó rẹ̀ lé ara wọn létí bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n sì fi ìṣó irin kàn án pọ̀. Irú ọkọ̀ báyìí lè la òkun já, síbẹ̀ kò rì wọ omi jù; ìdí nìyí tí àwọn ará Àríwá fi lè gba odò Seine wọlé dé Paris ní ọdún 845.

Ẹ̀rí tí ó gbe Müller kò kéré. Ní ọdún 839, àwọn òjíṣẹ́ kan tí wọ́n pe ara wọn ní Rhos dé ààfin Louis, ọba àwọn Frank. Nígbà tí wọ́n wádìí wọn, a rí i pé ará Súwídìn ni wọ́n. Ìwé ìtàn tí a kọ ní Kiev ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sọ pé Rurik ti òkè òkun wá jọba ní ọdún 862, àti pé Oleg gba Kiev ní 882. Nínú àdéhùn tí àwọn Rus bá Constantinople ṣe ní 911, orúkọ àwọn ará Àríwá ni ó pọ̀ jù lára orúkọ àwọn aṣojú wọn.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní nǹkan bí ọdún 950, Constantine Keje, ọba Constantinople, kọ ìwé kan fún ọmọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí àwọn Rus ṣe ń wá sí ìlú rẹ̀. Kì í ṣe irú ọkọ̀ Gokstad ni wọ́n ń gbé wá. Àwọn Slav ni wọ́n ń gé igi nígbà òtútù, tí wọ́n ń gbẹ́ ọkọ̀ láti ara ìtì igi kan. Bí yìnyín bá ti yọ́, wọn a gbé e gba ojú omi lọ sí Kiev láti tà. Àwọn Rus a rà á, wọn a tú àjẹ̀ ara ọkọ̀ wọn àtijọ́, wọn a fi í sí tuntun. Ní oṣù kẹfà ni wọn a ṣíkọ̀.

Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Ní ìsàlẹ̀ Kiev, àpáta dènà odò Dnieper ní ibi púpọ̀, omi a sì máa ru gùdù níbẹ̀. Constantine dárúkọ méje nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Orúkọ èkínní túmọ̀ sí “Má sùn”. Níbi kẹrin, tí ó léwu jù, ọkọ̀ kò lè kọjá rárá. Wọn a wọ́ ọ, wọn a sì fi èjìká rù ú, nígbà tí àwọn mìíràn ń ṣọ́ àwọn Pecheneg tí wọ́n lúgọ. Ọkọ̀ tí a lè fi èjìká rù ni ọ̀nà náà ń fẹ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n sì mọ bí a ti ń ṣe é. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé èdè méjì, ti àwọn ará Àríwá àti ti àwọn Slav, ni ọba yìí fi kọ orúkọ àwọn àpáta náà sílẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n ọkọ̀ bo ohun tí ọkọ̀ ń kó. Yàtọ̀ sí awọ ẹranko, oyin àti ìda, ẹrú wà nínú ọjà náà. Constantine sọ pé níbi àpáta kẹrin, ẹsẹ̀ ni a fi ń mú àwọn ẹrú rìn nínú ẹ̀wọ̀n gba orí ilẹ̀. Lójú odò Volga, Ibn Fadlan, òjíṣẹ́ tí ó ti Baghdad wá, rí àwọn Rus tí wọ́n ń ta ẹrúbìnrin ní ọdún 922. Fàdákà àwọn Lárúbáwá ni èrè rẹ̀: ní ọdún 1999, a hú ju 14,000 owó ẹyọ fàdákà jáde ní Spillings, ní erékùṣù Gotland. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ń pe ẹrú títí di òní, láti ara orúkọ Slav ni ó ti wá.

Odò náà kò sì ṣojúsàájú fún olówó ẹrú. Ní ọdún 972, níbi àwọn àpáta náà ni àwọn Pecheneg ti pa Svyatoslav, ọba Kiev. Orúkọ Slav ni ó ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Igor, bàbá rẹ̀, ń jẹ́ orúkọ àwọn ará Àríwá. Ní ìran kan péré, àlejò ti di onílé. Ọmọ rẹ̀, Vladimir, ni ó gba ìrìbọmi ní nǹkan bí ọdún 988.

Kí wá ni ìdájọ́ wa? Müller jàre pé àwọn ará Àríwá wá, wọ́n sì jọba. Lomonosov jàre pé àwọn Slav kì í ṣe òǹwòran lórí ilẹ̀ ara wọn. Ẹni tí ó ní àjẹ̀ kò lè lọ láìsí ẹni tí ó gbẹ́ ọkọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi ní ìbéèrè yìí má ṣe yára gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan lè sọ àti ohun tí kò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Rọ́ṣíà àti Yukréènì ni wọ́n jọ ń pe Rus ní orísun wọn, ìjà lórí ogún yìí sì wà lára ohun tí a ń sọ nígbà tí ogun ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní ọdún 2022. Láti 1932 ni omi ìdídò iná mànàmáná ti bo àwọn àpáta Dnieper mọ́lẹ̀. Ojú kò rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ní èdè méjì ṣì wà nínú ìwé, wọ́n ń jẹ́rìí pé ìran méjì ni wọ́n jọ tu ọkọ̀ náà.