Ògiri Tó Lanu: Ìtàn Awọ Ara Wa láti Ayé Òrí dé Ayé Ìpara Abóra

Àwọn àgbà ló ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n fi ń sọ, ṣùgbọ́n òwe náà bá awọ ara mu rẹ́gí. Lóde òní, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ráhùn pé ara ń yún wa láìnídìí, pé ìpara tí kì í ta wá tẹ́lẹ̀ ti ń ta wá bí ata, pé bí a bá wẹ̀ tán, ara á fà bí awọ ìlù. Ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe òun. Ká tó di ẹ̀bi ru ayé, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ọwọ́ tí àwa fúnra wa fi ń mú awọ ara wa.

Ògiri ni awọ ara lóòótọ́. Ní 1928, àwọn dókítà méjì ní Jámánì, Heinrich Schade àti Alfred Marchionini, ṣàlàyé pé ojú awọ ènìyàn máa ń kan díẹ̀, kíkan yẹn sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò ó. Nígbà tó di 1983, Peter Elias ní San Francisco fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìpele òkè pátápátá lára awọ dà bí ògiri bíríkì: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni bíríkì, ọ̀rá tó wà láàárín wọn sì ni sìmẹ́ńtì. Ọ̀rá yìí ni kì í jẹ́ kí omi inú ara fẹ́ lọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọlé. Bí sìmẹ́ńtì bá ti ṣí, omi á máa jáde, ọṣẹ àti eruku á máa wọlé. Ibẹ̀ ni yíyún, títa àti gbígbẹ ti ń wá. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n rẹ̀ kì í tètè hàn. Ibi tó bá ti wú á kàn dúdú sí i, a ó sì rò pé ìdọ̀tí ni.

Àwọn baba ńlá wa ò mọ sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ògiri. Nígbà tí Ibn Battuta dé ilẹ̀ Mali ní 1352, ó rí àwọn ènìyàn tó ń fún òróró lára kóró èso igi kan, èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé igi òrí ni. Ó ní wọ́n fi ń se oúnjẹ, wọ́n fi ń tan fìtílà, wọ́n fi ń para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ilé náà ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ara. Mungo Park náà rí òrí lọ́hùn-ún ní 1796, àwọn onímọ̀ ewéko sì fi orúkọ rẹ̀ pe igi náà fún ìgbà pípẹ́.

Nílẹ̀ Yorùbá, apá ọ̀dàn ni igi òrí ti ń hù, ní Òkè-Ògùn títí dé agbègbè Kwara. Iṣẹ́ obìnrin ni. Wọ́n á ṣa èso, wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ lù ú nínú omi títí ọ̀rá á fi léfòó. Níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ ju igi òrí lọ, àdín ni wọ́n fi ń ra ọmọ tuntun lára. Bí ọyẹ́ bá dé, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún ìyá ọmọ kó tó mú ìgò àdín.

Ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ní 2005, àwọn dókítà tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn kan ní Bangladesh. Wọ́n fi òróró sunflower ra àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé lára, àkóràn inú ilé ìwòsàn sì fi 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín wọn. Ògiri tí a dí ló gba ọmọ là.

Àmọ́ ká má parọ́ fúnra wa: kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ló dára fún ara tó ti bàjẹ́. Omi eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó sì le. Ara tó bá dá ṣáṣá lè gbà á, pàápàá bí a bá fi òrí tẹ̀ lé e. Lára ẹni tí awọ rẹ̀ ti ṣí, ọṣẹ dúdú pẹ̀lú kànìnkànìn líle dà bí ìgbà tí a ń fi ọkọ́ ha ògiri tó ti sán. Òróró ólífì tí ọ̀pọ̀ ìyá fẹ́ràn náà ń kọ́? Ìwádìí kan láti Sheffield ní 2013 fi hàn pé ó máa ń tú sìmẹ́ńtì awọ ká, nígbà tí òróró sunflower ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibo wá ni nǹkan ti wọ́? Epo ọ̀pẹ wa kọjá sókun lọ di ọṣẹ, ọṣẹ sì padà wá bá wa. Ní 1923, Lever Brothers dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọṣẹ olóòórùn dídùn di ohun ọ̀làjú, àdín sì di ohun tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ń yínmú sí pé ó ń rùn. A wá ń fọ ọ̀rá kúrò lára ju bí a ṣe ń dá a padà lọ.

Lẹ́yìn náà ni bíbóra dé. Ní 1939, wọ́n ṣàkíyèsí ní Amẹ́ríkà pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ń funfun. Kẹ́míkà kan tó jẹ́ ìbátan hydroquinone ló fà á. Ohun tó jẹ́ àgbákò fún wọn di ọjà fún ẹlòmíì. Ní 1952, ìpara steroid àkọ́kọ́ dé fún ìwòsàn; kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn tó lágbára jù ú lọ fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń bóra. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi kọ̀wé nípa àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ nítorí ìpara tó ní mẹ́kúrì. Ní 1975, wọ́n kéde ní South Africa pé hydroquinone ń sọ ojú àwọn obìnrin di dúdú kírìkírì, ìyẹn òdìkejì ohun tí wọ́n sanwó fún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fẹlá kọ orin “Yellow Fever” láti fi bá wa wí. South Africa fòfin de hydroquinone nínú ìpara ẹwà ní 1990.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń po ìpara lọ́jà. Bó bá ta oníbàárà, wọ́n á ní, “Àǹtí, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.” Irọ́ ni. Ògiri ló ń lanu. Steroid máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ọ̀rá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí aláboyún bá wá nílò iṣẹ́ abẹ, awọ tó yẹ kó di okùn mú lè máa ya, ojú ọgbẹ́ á sì pẹ́ kó tó jinná.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ dín nǹkan kù. Ẹ pa ìpara abóra tì, ẹ pa ohun olóòórùn àti kànìnkànìn tì. Ẹni tó bá ti ń lo steroid fún oṣù pípẹ́ kó má já a lójijì; kó lọ rí dókítà awọ ara, torí ara lè bú. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, kì í ṣe gbígbóná janjan, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀. Abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀ ni kí ọṣẹ rírọ̀ dé. Kí omi tó gbẹ tán lára, ẹ fi òrí tí wọn ò po nǹkan mọ́, tàbí vaselínì, pa á. Ohun tuntun yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi dán ibì kékeré kan wò ní apá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku sùúrù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni awọ fi ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun láti ìsàlẹ̀ wá. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ìpara lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ò jẹ́ kí bíríkìlà ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.