OGBÓ TÓ MỌ̀NÀ, ÀTI IRINṢẸ́ TÍ KÒ MỌ̀NÀ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ta ni ọmọ Ìlá tí kò gbọ́ ìtàn ogbó rí? Àwọn àgbà wa sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ifẹ̀, Odùduwà gbé àdá kan tí wọ́n ń pè ní ogbó lé e lọ́wọ́. Ogbó yìí ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n nínú igbó. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé “Ogbó mọ̀nà”, tó wá di Ìgbómìnà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an ni. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, irinṣẹ́ tí èmi fúnra mi ṣe kò mọ̀nà rárá, ohun tó sì bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ń gba ohùn àwọn àgbà tó ń sọ ìtàn ìlú sílẹ̀, mo ń kó o sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fáìlì pọ̀ jù, mo ní kí ejẹ́ǹtì AI bá mi tò wọ́n. Ejẹ́ǹtì AI kì í kàn dáhùn ìbéèrè lásán. Ó máa ń mú irinṣẹ́ tí èèyàn kọ fún un, á fi ṣiṣẹ́. Láti 2023 tí OpenAI ti jẹ́ kí AI tiwọn lè pe irinṣẹ́, àti November 2024 tí Anthropic gbé Model Context Protocol jáde, irú iṣẹ́ yìí ti dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ejẹ́ǹtì kì í sábà rí inú irinṣẹ́ náà o. Orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí wọ́n fún un ló ń rí. Ibẹ̀ ló ti ń yan èyí tó máa lò.

Irinṣẹ́ méjì ni mo kọ. Mo kọ sára ọ̀kan pé, “Ó ń tọ́jú fáìlì.” Mo kọ sára èkejì pé, “Ó ń palẹ̀ fáìlì mọ́.” Lọ́kàn tèmi, ìkejì yìí wà fún kí a pa ìdọ̀tí rẹ́ pátápátá. Mo wá sọ fún ejẹ́ǹtì pé kó bá mi palẹ̀ fódà àwọn àgbà mọ́. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ já sí. Fáìlì mẹ́ta lọ, n kò sì ní ẹ̀dà wọn. Ohùn bàbá mi àgbà wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti papò dà.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní, “AI yẹn mà burú o!”

Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo kọ ló kà.”

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju AI lọ. Lọ́dún 1951, Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ ìjọba wò káàkiri. Ìròyìn tó kọ jáde ní 1954. Ọdún náà ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba bẹ̀rẹ̀, òfin 1957 sì sọ ọ́ di National Archives, tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kí ikán má jẹ ìwé, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni kí wọ́n kọ ohun tí ìdì ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ síta: ọ́fíìsì wo ló ti wá, ọdún wo, kí ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo àwa Ìgbómìnà. Òyìnbó pín wa sí méjì. Ìlá wà ní Ọ̀yọ́ Province, ní gúúsù. Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo wà ní Ilorin Province, ní àríwá. Ìwé gúúsù wá lọ sí Ìbàdàn, ti àríwá lọ sí Kaduna. Ẹni tó bá wá “Ìgbómìnà” ní Ìbàdàn nìkan, ìdajì ìtàn ló máa kà, á sì rò pé òun ti kà á tán. Ní Ìbàdàn náà, “Oshun Div” ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ ìwé agbègbè wa. Ẹni tó bá ń wá “Osun State” fún ìwé ayé òyìnbó ń ṣe wàhálà lásán, torí 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ “Ọ̀ràngún” lásán ńkọ́? Ìlá ní Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá ní Ọ̀ràngún, Ìlá Yàrà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Èèyàn lè bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ọ̀ràngún ti ibo?” Ejẹ́ǹtì lè má béèrè. Èyí tó bá jọ ohun tí a ní kó ṣe ló máa mú.

Mo ti tún tèmi kọ. Ti àkọ́kọ́ kà báyìí pé: “Ó ń gbé fáìlì kan lọ sí fódà àkójọ. Kì í pa nǹkan kan rẹ́. Lò ó bí wọ́n bá ní kí o tò tàbí kí o palẹ̀ mọ́. Orúkọ fáìlì ní kíkún ni kí o fún un. Á sọ ibi tó gbé e sí fún ọ.” Ìkejì ní: “Ó ń pa fáìlì rẹ́, kò sì ní padà mọ́. Má lò ó àyàfi bí ẹni tó ni fáìlì bá dárúkọ rẹ̀, tó sì ní kí o pa á rẹ́. Bí kò bá yé ọ, bi í léèrè.” Mo tún ti ilẹ̀kùn láti inú: irinṣẹ́ náà kò ní ṣiṣẹ́ bí èmi fúnra mi kò bá tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”. Àpèjúwe dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgádágodo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ irú irinṣẹ́ yìí, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ọ́ fún àjèjì tí kò mọ Ìlá yàtọ̀ sí Òkè-Ìlá. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe, ẹ sọ ohun tí kì í ṣe, ẹ sọ èyí tí kò ṣeé dá padà. Ogbó mọ̀nà ní tiẹ̀. Tiwa yìí, àfi ká kọ ọ̀nà sí i lára. Ohùn bàbá mi àgbà kò ní padà wá, àmọ́ mo ṣì ní fáìlì àwọn àgbà mìíràn lọ́wọ́, ẹ̀dà méjì-méjì ni mo sì ní báyìí.