Páìpù Festac àti Ẹja Inú Odò

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kínní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú láti gbogbo àgbáyé péjọ sí Èkó fún àjọ̀dún FESTAC. Ìlú tuntun tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò náà, ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, ní ohun tí ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó kò ní títí dòní: páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí ń gbé omi ẹ̀gbin ilé gbogbo lọ sí ojú kan. Lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n pín àwọn ilé náà fún ọmọ Nàìjíríà. Èrò ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìtọ́jú páìpù kò bá a dọ́gba. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùgbé ibẹ̀ ti ń ké gbàjarè nípa omi ẹ̀gbin tí ń ya sí títì. Ohun tó bá sì ya sí títì, gọ́tà ni yóò gbà dé odò.

Ojú ń rí ẹ̀gbin, imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ní ọdún 1938, ní Berlin, Hans Inhoffen àti Walter Hohlweg ṣe ethinylestradiol, àtọwọ́dá họ́mọ̀nù obìnrin. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lónìí. Ara kì í lò ó tán. Ìyókù ń bá ìtọ̀ jáde.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àmì ewu rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn. Ní nǹkan bí ìgbà tí Festac ṣì jẹ́ ìlú tuntun, àwọn apẹja rí ẹja tó jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo nínú omi tó ń jáde láti ibùdó ìfọmọ́ omi ẹ̀gbin lẹ́bàá odò Lea. Ní 1994, John Sumpter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi bẹ́ẹ̀ ń mú kí akọ ẹja máa ṣe èròjà ẹyin tí abo nìkan ń ṣe. Họ́mọ̀nù tí ara ènìyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ní Kánádà, láti 2001 sí 2003, Karen Kidd àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ da ethinylestradiol sínú adágún kan. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nanogram 5 sí 6 nínú líta omi kan lọ, síbẹ̀ irú ẹja kékeré kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ dúró, ó gba ọdún mélòó kan kí ẹja náà tó padà bọ̀ sípò.

Nílé wa níhìn-ín, ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn ẹja èpìyà kan ní adágún Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn, jẹ́ akọ, wọ́n tún jẹ́ abo. Oró kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ àti ti oko wà nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, nítorí náà a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru oògùn.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni di í ru obìnrin tó ń fètò sọ́mọ bíbí. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ gbogbo ilé ló ń wọ odò. Bí omi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọ̀ bá lè ṣe ẹja báyìí, kí ni ká retí lára èyí tí a kò fọ̀ rárá? Kí a tún páìpù Festac ṣe, kí a sì yẹ ẹja Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin wò. Adágún Kánádà ti jẹ́rìí pé bí ẹ̀gbin bá dáwọ́ dúró, ẹja lè padà.